Àpótí, Ẹgbẹ́ tàbí Agboolé: Lámèyítọ́ Orúkọ Mélòó Kan nínú Kernel Linux

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà náà ń sọ ọmọ lórúkọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wo ilé kí wọ́n tó ṣe é. Ohun tí a gbé ka iwájú nínú bébà yìí ni àyẹ̀wò orúkọ mélòó kan tí a fún àwọn ohun-èlò kan nínú kernel Linux láàrin ọdún 2002 sí 2020, ìyẹn àwọn ohun-èlò tí a fi ń ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ mìíràn lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Èyí tí ó jẹ wá lógún jù nínú wọn ni èyí tí a kọ́kọ́ pè ní "process containers", tí a sì wá yí orúkọ rẹ̀ padà sí "control groups" nígbà tí ọdún 2007 ń parí lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ìmọ̀ èdè nínú èyí. Ìdáhùn wa kò gùn. Kernel jẹ́ ohun tí a kọ sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ kì í sí nítòsí nígbà tí ẹlòmíràn bá ń lò ó. Orúkọ ni ó ń ṣojú fún un lọ́dọ̀ òǹlò. Bí orúkọ bá ṣe ìlérí tí ohun náà kò lè mú ṣẹ, òǹlò yóò gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí náà, ibẹ̀ ni ewu sì ti ń wọlé. Nítorí náà, a kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ń wí pé orúkọ kò ṣe nǹkan kan, pé iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe ni kí a máa wò. Ọ̀rọ̀ wọn ìbá tẹ̀wọ̀n bí ó bá jẹ́ pé gbogbo òǹlò ni ó ń ka inú kernel kí ó tó lò ó.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì. Kernel ni apá tí ó jinlẹ̀ jù nínú ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń pín ọpọlọ ẹ̀rọ, ibi ìrántí, àti ọ̀nà dé orí díìsìkì fún àwọn ètò yòókù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi í wé ẹkùrọ́ tí ó wà nínú èèpo, àfiwé náà sì dára, nítorí orúkọ èèpo ni wọ́n fún apá tí òǹlò ń fọwọ́ kàn. Process, tí a ó máa pè ní iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ níhìn-ín, ni ètò tí ó ti jí dìde tí ó ń ṣiṣẹ́. Ètò kan náà lè di iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kernel a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà tirẹ̀.

2. Àwọn tí ó ti ṣáájú

Linux kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú nípa ìyàsọ́tọ̀. Ní 1979, nígbà tí a ń ṣe ẹ̀dà keje ti Unix, ni "chroot" yọjú; ó sì wọ inú BSD ní 1982. Ìkékúrú ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "yí gbòǹgbò padà", ohun tí ó sì ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń sọ fún iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ kan pé láti ìsinsìnyí lọ, ibí ni kí o máa kà sí gbòǹgbò igi fáìlì. Kò sí irọ́ kankan nínú orúkọ yìí. Ó sọ ìṣe, ó sì dákẹ́. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn ni ó so ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn, tí wọ́n ń pè é ní "chroot jail", bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ tí ó bá ní agbára "root", ìyẹn agbára aláṣẹ ẹ̀rọ, lè jáde nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìlérí tí orúkọ àkọ́kọ́ kò ṣe ni orúkọ kejì lọ ṣe fún un.

Nígbà tí Poul-Henning Kamp wá fẹ́ kọ́ ẹ̀wọ̀n tòótọ́ fún FreeBSD, "jail" ni ó pè é, ó sì jáde nínú FreeBSD 4.0 ní ọdún 2000. Àkọlé bébà tí òun àti Robert Watson kọ nípa rẹ̀ lọ́dún kan náà fi hàn pé "root" alágbára-gbogbo ni wọ́n fẹ́ há mọ́. A gbóríyìn fún orúkọ yìí. Ó le létí, ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ mu, nítorí ohun tí "root" inú ẹ̀wọ̀n kò gbọdọ̀ ṣe ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò náà. Solaris 10 ti ọdún 2005 yan "zone", ọ̀rọ̀ onílẹ̀, ó sì fi "container" pe zone tí a bá ti fi ìdíwọ̀n ohun-èlò kún un. Kí òǹkàwé fi ìlò yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀.

Nínú FreeBSD àti Solaris, ohun kan ṣoṣo tí ó wà nínú kernel ni orúkọ ń tọ́ka sí. Jail wà níbẹ̀ tí a lè nà ìka sí. Zone wà níbẹ̀ bákan náà. Linux kò tọ ọ̀nà yìí. Ó fọ́ ìyàsọ́tọ̀ sí wẹ́wẹ́, ó sì fún wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.

3. Àpótí tí kò ní inú

Ní ọdún 2006 ni Paul Menage àti Rohit Seth, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ Google, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ohun tí wọ́n pè ní "process containers". Ìṣòro tí wọ́n fẹ́ yanjú yóò yé ọmọ Yorùbá yékéyéké bí a bá rán an létí bí a ti ń pín ogún. Ọ̀nà méjì ni à ń gbà pín in. Ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Ní ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni a pín in fún, àwọn ọmọ ìyàwó kan á sì lọ pín tiwọn láàrin ara wọn. Orí-ò-jorí ni kernel ń lò tẹ́lẹ̀: iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan gba àkókò tirẹ̀ lórí ọpọlọ ẹ̀rọ. Bí òǹlò kan bá wá bí ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ àṣelọ́wọ́, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì bí ẹyọ kan, ẹni ọgọ́rùn-ún yóò jẹ ẹ̀rọ náà tán. Bí a bá sì fi òté lé ibi ìrántí tí iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan lè lò, ẹni náà yóò tún bí òmíràn, ọwọ́ òté kò ní tó o. Ohun tí a nílò ni ìdí-igi.

Kernel ti ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kan tẹ́lẹ̀, ìyẹn "cpuset", tí ó wọlé nínú Linux 2.6.12 ní 2005 fún àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ọpọlọ wọn pọ̀. Cpuset ń kó iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ jọ lórí igi, ó sì ń sọ ọpọlọ tí àwùjọ kọ̀ọ̀kan lè lò. Menage yọ igi náà kúrò lára cpuset, ó sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè so ìdíwọ̀n tirẹ̀ mọ́: ti ibi ìrántí, ti àkókò, ti díìsìkì. Ìmọ̀ọ́ṣe gidi ni èyí. Èrò tiwa ni pé òun ni ó mú kí iṣẹ́ náà pẹ́ kánrin, nítorí kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé irú ìdíwọ̀n wo ni yóò jẹ́ kí ó tó fún un ní àyè.

Ṣùgbọ́n orúkọ ńkọ́? Ohun tí a ń kó nǹkan sí ni container. Igbá, apẹ̀rẹ̀, àpótí, gbogbo wọn ni ó ní inú tí ó sì ní ìta. "Process container" ti 2006 kò ní inú. Iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ tí a bá fi sí i ṣì ń rí gbogbo fáìlì tí ó ń rí tẹ́lẹ̀, ó ń rí àwọn iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ yòókù, ó sì ń gba ojú ọ̀nà kan náà jáde sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tí ó yí padà ni pé a kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ìwé kan, a sì ń ka ohun tí ó ń jẹ sí ojú ìwé náà lọ́rùn. Bí a bá kọ orúkọ ènìyàn sínú ìwé owó-orí, a kò tíì tì í mọ́lé.

Ní àkókò kan náà, àwọn mìíràn ń lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún nǹkan mìíràn. Àwọn ará OpenVZ, àti Eric Biederman tí ó ka bébà nípa sísọ àwọn orúkọ àjùmọ̀lò inú kernel di púpọ̀ níbi àpérò Linux ti Ottawa ní 2006, ń wá bí iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ kan yóò ṣe rí ayé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ti àwọn yìí, container ni odindi ayé kékeré náà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣe di ti ẹni méjì nínú ilé kan. Kí ètò Menage tó wọ Linux 2.6.24, tí ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2008, a ti yí orúkọ rẹ̀ sí "control groups", tí a gé kúrú sí "cgroup". Ìdí tí a sọ fún ìyípadà náà ni pé ọ̀rọ̀ container ti ní ìtumọ̀ púpọ̀ jù nínú kernel.

A fara mọ́ ìyípadà náà, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ìdí tí a sọ. Pọ́n-na ni wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà. Àwa rò pé irọ́ ni ó yẹ kí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn án. Bí kò tilẹ̀ sí ẹlòmíràn tí ń lo container nígbà náà, ohun tí kò ní inú kò yẹ ní ẹni tí à ń pè ní àpótí. Ìyàtọ̀ àárín ìdí méjèèjì ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó rò pé pọ́n-na nìkan ni ìṣòro yóò rò pé bí àyè bá ṣí sílẹ̀, a lè dá ọ̀rọ̀ náà padà.

"Group" dára. Ó sọ pé a kó àwọn kan jọ, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Control" ni a ní ohun kan lòdì sí. Igi náà fúnra rẹ̀ kò ṣàkóso ẹnikẹ́ni. Àwọn ìdíwọ̀n tí a so mọ́ ọn ni ó ń ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn tí ó sì kọ́kọ́ wà níbẹ̀, "cpuacct", kò ṣàkóso rárá, kíkà ni ó ń kà. Ṣùgbọ́n a ní láti ro ti ẹni tí ó ń sọ ọmọ lórúkọ. Unix ti ní "group" fún àwọn òǹlò, ó sì ti ní "process group" fún nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ ṣáájú "group" dandan, bóyá èyí tí ó sì wà nítòsí ni wọ́n mú.

4. Ẹgbẹ́ tí ó di ìdílé

Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ cgroup, ìdíwọ̀n kọ̀ọ̀kan lè ní igi tirẹ̀. Iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ kan lè wà ní ẹ̀ka kan lórí igi ìrántí, kí ó sì wà ní ẹ̀ka mìíràn pátápátá lórí igi díìsìkì. Bí ẹgbẹ́ ti rí láàrin wa náà nìyẹn: ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ọdẹ lè wà nínú ẹgbẹ́ onílù, kí ó sì tún bá àwọn ojúgbà rẹ̀ dá aṣọ. "Group" bá a mu rẹ́gí.

Ohun tí kò bá a mu ni iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ kan bá kọ nǹkan sínú fáìlì. Ọ̀rọ̀ náà kì í lọ sórí díìsìkì lẹ́sẹ̀ kan náà. Inú ibi ìrántí ni ó kọ́kọ́ ń dúró sí, kernel fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá gbé e lọ nígbà tí ó bá yá. Ta ni a ó wá kà á sí lọ́rùn? Olùdíwọ̀n ìrántí mọ ẹni tí ó ni ojú ìwé náà, ṣùgbọ́n orí igi tirẹ̀ ni ó ti mọ̀ ọ́n. Olùdíwọ̀n díìsìkì wà lórí igi mìíràn, orúkọ tí ẹnìkejì rẹ̀ ń pè kò ní ìtumọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀ yé ara wọn. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Tejun Heo ṣe agbátẹrù rẹ̀, Linux 4.5 kéde ẹ̀dà kejì ní oṣù kẹta ọdún 2016. Igi kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ kan sì lè wà lórí igi náà. Yàtọ̀ sí gbòǹgbò, ẹ̀ka tí ó bá ti ń pín ohun-èlò fún àwọn ọmọ rẹ̀ kò tún gbọdọ̀ ní iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ lára fúnra rẹ̀, àfi àwọn tí a dìídì yọ sílẹ̀. Bí a bá ti pín ilé sí yàrá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́.

Ètò yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. A kò rò pé àríyànjiyàn wà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ. Ohun tí ènìyàn lè wà nínú ọ̀kan ṣoṣo rẹ̀, tí ọmọ tí a bá bí ń bá òbí rẹ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́. Ìdílé ni. Iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ tí iṣẹ́ mìíràn bá bí, inú cgroup òbí rẹ̀ ni a bí i sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kejì nìkan ni ó fi ìyẹn ṣe òfin ilé. Ètò ti rìn kọjá orúkọ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, nítorí orúkọ tí ọ̀pọ̀ ètò ti gbára lé kò ṣeé pa dà mọ́. Ohun kan tilẹ̀ wà tí a ní láti yìn: ìwé àlàyé ẹ̀dà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Ó wí pé "cgroup" kì í gba lẹ́tà ńlá, pé ẹyọ rẹ̀ ni a fi ń pe odindi ètò náà, pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a fi ń pe àwọn àwùjọ bí wọ́n bá ju ọ̀kan lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé kernel jókòó ti gírámà báyìí.

5. Àkọ́bí tí a sọ ní Ọmọ

Apá kejì ìyàsọ́tọ̀ ni "namespace", ibi tí orúkọ ti ní ìtumọ̀. Plan 9, tí wọ́n ṣe ní Bell Labs, ni ó ti kọ́kọ́ fún iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè orúkọ tirẹ̀. Rob Pike àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka bébà lé e lórí ní 1992. Ní 2002, Al Viro mú irú rẹ̀ wọ Linux 2.4.19, kí iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ kan lè ní igi fáìlì tí ó yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Àmì tí a fi ń béèrè fún un ni CLONE_NEWNS, ìyẹn "àyè orúkọ tuntun". Àyè orúkọ kí ni? Kò sọ. Kò sí ẹni tí ó rò nígbà náà pé òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tí ó bí àkọ́bí tí ó sì sọ ọ́ ní Ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Nígbà tí àwọn àbúrò dé, ti UTS àti IPC nínú 2.6.19 ní 2006, ti PID nínú 2.6.24, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà títí di 2009, ti òǹlò tí ó parí nínú 3.8 ní 2013, ti cgroup nínú 4.6 ní 2016, ti àkókò nínú 5.6 ní 2020, olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀, àkọ́bí nìkan ni ó ṣì ń jẹ́ Ọmọ.

Nínú àwọn àbúrò yìí, UTS ni ó burú jù. Orúkọ tí ẹ̀rọ ń jẹ́ ni àyè yìí ń yà sọ́tọ̀, pẹ̀lú orúkọ àgbègbè rẹ̀. Kò sí lẹ́tà kan nínú UTS tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìkékúrú "UNIX Time-sharing System" ni, tí ó ti ara orúkọ àkójọ kan tí Unix àtijọ́ fi ń dá òǹbéèrè lóhùn wá. Ẹni tí ó bá tú u palẹ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ àkókò ni. Ẹni tí ó bá sì lọ sí àyè orúkọ àkókò tòótọ́ yóò rí i pé aago ara ògiri kọ́ ni ó yí padà níbẹ̀. Aago tí ń ka àkókò láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti jí nìkan ni, àti èkejì rẹ̀ tí kì í padà sẹ́yìn. UTS ní àkókò nínú orúkọ, kò ní in nínú iṣẹ́. Ti àkókò ní in nínú iṣẹ́, kì í ṣe èyí tí ará ọjà ń pè ní àkókò. Ohun tí ó tún pa wá lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí ti àkókò yóò fi dé, àyè ti tán nínú nọ́ńbà tí a fi ń to àwọn àmì wọ̀nyí. Wọ́n fi í há ibi tí a ń kọ nọ́ńbà ìkìlọ̀ sí, nítorí náà ìpè "clone" àtijọ́ kò lè lò ó; "unshare" àti "clone3" nìkan ni ó lè ṣe é.

PID ni ó wù wá jù. Nínú àyè PID tuntun, iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà 1, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà mìíràn ni ará ìta fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ kan náà, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí "Bàbá" ti ń tọ́ka sí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú agboolé kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà 1 yìí bá kú, kernel yóò pa gbogbo àwọn tí ó kù nínú àyè náà. Àwọn tí ó kọ èyí kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún wa pé bí baálé ilé bá kú, ilé rẹ̀ a di ahoro.

6. Ọ̀rọ̀ tí kernel kò mọ̀

Nígbà tí a lé container kúrò nínú orúkọ cgroup, a kò fún ohun mìíràn nínú kernel. LXC mú un lò ní ìta ní 2008, Docker sì gbé e dé etí gbogbo ayé ní 2013. Lónìí, ohun tí òǹlò ń pè ní container ni àkópọ̀ àyè orúkọ mélòó kan, cgroup kan, igi fáìlì kan, àti àwọn agbára tí a gbà lọ́wọ́ "root". Kernel mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mọ àkópọ̀ wọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, David Howells mú àbá wá pé kí a sọ container di ohun kan nínú kernel. Ìdí tí ó mú wá kì í ṣe ìdí yẹpẹrẹ. Nígbà mìíràn, kernel ní láti rán ètò kan ní iṣẹ́ ní ìta, fún àpẹẹrẹ kí ó lọ wá kọ́kọ́rọ́ tàbí àdírẹ́sì wá. Bí ó bá jẹ́ pé inú container ni ìbéèrè ti wá, inú àyè orúkọ wo ni kí ìránṣẹ́ náà ti ṣiṣẹ́? Kernel kò mọ̀. Àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ kernel tako àbá náà. Wọ́n ní bí a bá fún container ní ìtumọ̀ kan pàtó, a ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí ń lo wẹ́wẹ́ wọ̀nyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àpẹẹrẹ kò sì wọ́n: systemd ń fi cgroup mọ àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó gbé dìde láìsí container kankan níbẹ̀, ètò ìwo-ìkànnì Chrome ń lo àyè orúkọ láti há ojú ewé mọ́. Àbá náà kò wọlé.

Ní ti ètò, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kọ̀ ni a wà. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ díbọ́n pé ọ̀fẹ́ ni kíkọ̀ náà. Nígbà tí àpótí kò sí, tí gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní àpótí, òǹlò a gbàgbọ́ pé ògiri wà níbi tí kò sí. Ní 2019, a rí àléébù kan nínú "runc", ètò tí ó ń to wẹ́wẹ́ wọ̀nyí jọ fún Docker àti àwọn mìíràn: iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ tí ó wà nínú container lè kọ nǹkan mìíràn sórí fáìlì runc tí ó wà ní ìta, kí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀rọ náà. Àwọn tí ó lo àyè orúkọ òǹlò bí ó ti yẹ, tí "root" inú kì í ṣe "root" ìta, bọ́ nínú ewu yìí. Ó túmọ̀ sí pé wẹ́wẹ́ tí ìbá jẹ́ ògiri wà ní ilẹ̀. Àwọn tí kò mú un lò rò pé àwọn ti wà nínú àpótí ná.

Ti 2022 tún bá ọ̀rọ̀ wa tan ju ìyẹn lọ. Nínú cgroup ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni fáìlì kan wà tí à ń pè ní "release_agent", ogún tí ó ti ara cpuset wá. Orúkọ ètò kan ni à ń kọ sínú rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ ìkẹyìn bá kúrò nínú àwùjọ tí a pàṣẹ ìkìlọ̀ fún, kernel á gbé ètò náà dìde pẹ̀lú agbára "root" kíkún, ní ìta. "Aṣojú ìtúsílẹ̀": ta ni yóò fura sí i? A wá rí i pé kernel kò yẹ agbára ẹni tí ń kọ ọ́ wò bí ó ti tọ́, débi pé ẹni tí ó wà nínú container kan lè kọ orúkọ ètò tirẹ̀ sí i. Àṣìṣe ìṣirò ni, a gbà. Ṣùgbọ́n bí orúkọ fáìlì náà bá sọ pé àṣẹ aláṣẹ ẹ̀rọ ni ó wà nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ojú ti tètè tó o.

7. Ní èdè tiwa

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984; èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1990. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹni tí yóò bá fi Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ní láti dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ohun tí ó sì sún mọ́ ọn jù ni kí ó wo inú ìwé atúmọ̀, kí ó rí container, kí ó sì kọ àpótí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ra àṣìṣe 2006 lówó gọbọi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Àbá tiwa ni agboolé. Agboolé ní ògiri, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ kò yí i ká tán. Ó ní baálé tirẹ̀, orúkọ tí a ń pè nínú rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí èyí tí ará ìta ń pè. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé gbogbo agboolé inú ìlú kan ni ó wà lábẹ́ ọba kan náà; bí ọba bá ṣubú, kò sí agboolé tí ó bọ́. Ọba yẹn ni kernel. Èyí sì jẹ́ kí a rí orúkọ fún "virtual machine" láìwá a lọ títí, nítorí ìlú tí ó ní ọba tirẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ agboolé kò ní béèrè ààbò tí ìlú nìkan lè fún un lọ́wọ́ rẹ̀. A mọ àtakò tí ó lè dìde: ìbátan wà nínú agboolé, kò pọn dandan kí ó wà nínú container. A gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò àti ayálégbé pẹ̀lú ń gbé agboolé.

Ààlà-orúkọ ni a fẹ́ kí a máa pe namespace, nítorí ibi tí agbára orúkọ mọ ni ó ń sọ. Kí àkọ́bí sì jẹ́ ààlà-orúkọ fáìlì, kí UTS jẹ́ ààlà-orúkọ ẹ̀rọ. Kò sí ìdí tí a ó fi bá wọn ru ẹrù yẹn.

Ìdí-igi ni cgroup. Ìpín ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, igi sì wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀. Nínú ìdí-igi tiwa, ìpín àwọn ìyàwó dọ́gba, nínú ẹ̀dà kejì cgroup, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní "cpu.weight", nọ́ńbà tí ó wà láàrin 1 sí 10000. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti 100, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì fọwọ́ kàn án, ìdí-igi gidi ni à ń ṣe. Ẹni tí ó bá yí i padà ti kọ ìwé ìhágún. Ní ti òfin ẹyọ àti ọ̀pọ̀ tí ìwé àlàyé wọn fi lélẹ̀, kò ní yọ àwa lẹ́nu: ìdí-igi ni odindi ètò náà, àwọn ìdí-igi ni àwùjọ inú rẹ̀, lẹ́tà kan kò sì ní láti yí padà nínú orúkọ náà.